Orúkọ MacGregor: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí jù

Ìbéèrè kan náà ló ń wá ṣáá, mo wá kó wọn jọ síbí kí n yéé dáhùn wọn níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó lọ́ jọ wà nísàlẹ̀.

Kí ni MacGregor túmọ̀ sí?

Ọmọ Gregor. Nínú èdè Gaelic, ìyẹn èdè àwọn ará òkè Skọ́tílándì, "mac" ni ọmọkùnrin, Griogar sì ni orúkọ bàbá, tí wọ́n bá so méjèèjì pọ̀ á di MacGriogair. Kò jìnnà sí bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń pe èèyàn ní ọmọ Lágbájá kó tó di pé wọ́n ní ká máa kọ orúkọ bàbá sí fọ́ọ̀mù.

Gregor fúnra ẹ̀ kì í ṣe orúkọ ilẹ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ló ti wá, Gregorios, ẹni tí kò sùn, ẹni tó lajú sílẹ̀ tó ń ṣọ́nà. Ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé e káàkiri Yúróòpù torí pé àwọn póòpù tó jẹ́ Gregory pọ̀.

MacGregor, McGregor, M'Gregor, èwo ló tọ̀nà níbẹ̀?

Gbogbo ẹ̀ ló tọ̀nà. Mc àti M' kàn jẹ́ Mac tí akọ̀wé gé kúrú ni. Ẹni tó bá sọ fún yín pé Mac ni ti Skọ́tílándì, Mc ni ti Áyálándì, ẹ má gbà á gbọ́, kò sí nǹkan tó jọ ọ́. Ẹ lè rí ìdílé kan ṣoṣo tí wọ́n kọ Mac fún bàbá, Mc fún ọmọ, tó tún padà di Mac lórí ọmọ ọmọ, ọwọ́ ẹni tó kọ ìwé ló wà.

Ṣé obìnrin náà á wá máa jẹ́ "ọmọkùnrin Gregor" ni?

Lórí pásípọ́ọ̀tù, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ nínú Gaelic, obìnrin ń jẹ́ NicGriogair, "nic" yẹn ló dúró fún ọmọbìnrin. Nǹkan míì tó dáa láti mọ̀ ni pé nínú ìwé àtijọ́ ní Skọ́tílándì, wọ́n sábà máa ń kọ obìnrin sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ bàbá ẹ̀ kódà lẹ́yìn tó ti lọ́kọ, wọ́n tiẹ̀ máa ń gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ sára òkúta sàréè. Èyí ń gba èèyàn lọ́pọ̀ wàhálà tó bá ń wá ìran ìyá ẹ̀.

Kí ni "clan" tí wọ́n máa ń sọ yẹn?

"Clann" nínú Gaelic, àwọn ọmọ ló túmọ̀ sí. Ìdílé ńlá ni, wọ́n ní olórí bí ìgbà tí agbo ilé kan bá ní mọ́gàjí, wọ́n ní ilẹ̀, wọ́n sì máa ń jà fúnra wọn. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà ni ẹ̀jẹ̀ kan náà wà lára ẹ̀ o. Ẹni tó bá wá sá sábẹ́ olórí náà, tó ń dáko lórí ilẹ̀ ẹ̀, lè gba orúkọ náà, ọmọ ẹ̀ á bá a jẹ́ ẹ, kò sì sẹ́ni tó máa lé e. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn, a ṣì máa padà sí i.

Ibo gan-an ni wọ́n ti wá?

Ìwọ̀ oòrùn òkè Skọ́tílándì, ní Argyll àti Perthshire. Glen Orchy àti Glen Strae ni orísun wọn, lẹ́bàá adágún omi tí wọ́n ń pè ní Loch Awe, àfonífojì ni "glen". Lẹ́yìn náà wọ́n tàn dé Glen Lyon, Balquhidder àti etí Loch Katrine. Ibi òkè àti òjò ni, màlúù ni ọrọ̀ wọn, ìkùukùu kì í sì í pẹ́ bo ibẹ̀, ìyẹn náà ni wọ́n ṣe ń pè wọ́n ní Ọmọ Ìkùukùu nígbà tí wọ́n ń sá kiri inú igbó.

Ṣé òótọ́ ni pé ọmọ ọba ni wọ́n?

Àwọn fúnra wọn sọ bẹ́ẹ̀, ó sì wà nínú gbólóhùn tí wọ́n fi ń yangàn: "'S Rioghal Mo Dhream", ọmọ ọba ni ìran mi. Bí oríkì ló ṣe ń dún létí mi. Ìtàn ẹnu sọ pé ọ̀dọ̀ Kenneth MacAlpin tó jọba ní nǹkan bí 1,100 ọdún ó lé sẹ́yìn ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, orí kìnnìún tó dé adé ló sì wà lórí àmì wọn.

Àmọ́ tí ẹ bá ní kí n fi ìwé gbè é lẹ́sẹ̀, Gregor tí wọ́n ń pè ní Gregor Ìjánu Wúrà, ní bíi 1300-àti-díẹ̀, ni olórí tí ìran wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn kedere. Ọmọ ẹ̀, Iain Cam, ló jẹ lẹ́yìn ẹ̀. "Cam" yẹn, olójú kan ni. Ohun tó wà ṣáájú àwọn méjèèjì yìí, ìtàn ẹnu ni, èmi ò sì ní fojú tẹ́ńbẹ́lú ìtàn ẹnu, ṣùgbọ́n kí á mọ èyí tó jẹ́ èwo.

Kí ló dé tí àwọn àti ìdílé Campbell ò fi rẹ́?

Ilẹ̀ ni. Àwọn MacGregor ló ń gbé ibẹ̀, àmọ́ àwọn Campbell ló ní ìwé ilẹ̀ látọwọ́ ọba. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe máa ń rí, ẹni tí bàbá bàbá ẹ̀ sin òkú sí ilẹ̀ lè gbà pé òun ló ni ín, kí ẹlòmíì wá fi òǹtẹ̀ ìjọba han lọ́jọ́ kan kí ó ní òun lòun ni ín. Ní nǹkan bí ọdún 1450 ni Campbell ti Glenorchy kọ́ ilé olódi Kilchurn sórí Loch Awe, àárín ilẹ̀ àwọn MacGregor gan-an, àwókù ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sọ àwọn onílé di ayálégbé. Ní 1570, Campbell tó jẹ́ olórí Glenorchy nígbà yẹn bẹ́ orí Gregor Ruadh, olórí àwọn MacGregor ti Glen Strae. Èyí tó dùn mí jù nínú ẹ̀ ni pé Campbell ni ìyàwó ọkùnrin náà, Marion ọmọ Duncan Campbell ti Glen Lyon, ẹbí bàbá ẹ̀ ló pa ọkọ ẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni ìjọba fòfin de orúkọ yẹn? Kí ni wọ́n ṣe?

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ní December 1602, àwọn MacGregor lọ kó ẹran lọ́dọ̀ ìdílé míì, àwọn Colquhoun ti Luss, lẹ́bàá Loch Lomond, wọ́n sì pààyàn níbẹ̀. Ìtàn sọ pé àwọn obìnrin Colquhoun gbé ẹ̀wù àwọn ọkọ wọn tí ẹ̀jẹ̀ kún inú ẹ̀ lọ han Ọba James kẹfà ní Stirling, tí wọ́n fi igi gbé e sókè bí àsíá, ọba ò sì gbàgbé ohun tó rí lọ́jọ́ yẹn. Ní February 7, 1603, wọ́n tún pàdé ní Glen Fruin, àwọn Colquhoun pọ̀ jù wọ́n lọ dáadáa, síbẹ̀ àwọn MacGregor ká wọn mọ́ inú àfonífojì, wọ́n pa wọ́n lọ́pọ̀, díẹ̀ péré ló kú nínú tiwọn.

Ní April 3, 1603, ọjọ́ méjì kí James tó gbéra lọ sí London láti lọ gun orí ìtẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ ẹ̀ pa orúkọ MacGregor rẹ́. Ẹ wò ó, ọ̀pọ̀ ìdílé ló jà nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ló jí màlúù, ọ̀pọ̀ ló pààyàn, kì í ṣe pé àwọn MacGregor jẹ́ áńgẹ́lì, ṣùgbọ́n fífi ikú ṣe ìyà jíjẹ́ orúkọ bàbá ẹni, àṣejù ni, èmi ò lè pè é ní nǹkan míì.

Alasdair tó jẹ́ olórí wọn sá pamọ́ títí ó fi fara ẹ̀ lé Earl ti Argyll lọ́wọ́, Campbell ni onítọ̀hún náà, ó sì ti ṣèlérí pé òun máa mú un dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìfarapa. Ó mú un dé ibẹ̀ lóòótọ́! Wọ́n sọdá ààlà, ẹsẹ̀ ẹ̀ tẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bá yí i padà, ó di Edinburgh. January 20, 1604 ni wọ́n so ó rọ̀ pẹ̀lú àwọn èèyàn ẹ̀, wọ́n sì so okùn tiẹ̀ ga ju ti àwọn yòókù lọ, ó fi odindi ìdúró èèyàn kan ga, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé òun ni olórí.

Kí ni òfin náà sọ gan-an?

Ẹni tó bá jẹ́ MacGregor gbọ́dọ̀ yí orúkọ padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ikú ni. Wọn ò gbọ́dọ̀ gbé ohun ìjà, àfi ọ̀bẹ tí wọ́n ti ṣẹ́ ṣóńṣó orí ẹ̀ tí wọ́n fi ń gé ẹran jẹ. Wọn ò gbọ́dọ̀ péjọ ju mẹ́rin lọ. Ẹ ro ilé tí bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta wà kí ẹ wá ka iye tí wọ́n jẹ́.

Nígbà tó yá wọ́n tún fi kún un pé pásítọ̀ kankan ò gbọ́dọ̀ sàmì fún ọmọkùnrin ní Gregor, akọ̀wé ò sì gbọ́dọ̀ kọ ìwé àdéhùn kankan ní orúkọ náà. Ìyẹn ni pé tí o bá yá ẹnì kan lówó tó sì jẹ́ MacGregor ni wọ́n kọ sínú ìwé, ìwé yẹn ò wúlò níwájú adájọ́.

Orúkọ wo ni wọ́n wá ń jẹ́?

Orúkọ ẹni tó bá gbà wọ́n sọ́dọ̀. Murray, Drummond, Graham, Stewart, Grant, àní Campbell tó lé wọn nílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn kan fi ọgbọ́n ṣe é, wọ́n gé orúkọ náà kù títí kò fi hàn mọ́: Gregory, Greig, Grier, Greer. Àwọn míì di Black, White tàbí King.

Greig yẹn rìn jìnnà. Bàbá bàbá bàbá Edvard Grieg, olórin ilẹ̀ Nọ́wè, ará Skọ́tílándì ni, Greig ló ń jẹ́ kó tó kó lọ sí Bergen.

Ọdún wo ni òfin náà kúrò?

Ẹ̀ẹ̀mejì. Charles kejì fagi lé e ní 1661 torí pé wọ́n jà fún un nígbà ogun. William kẹta dá a padà ní 1693. Ó wá di 1774 kó tó kúrò pátápátá. Tí ẹ bá kà á láti 1603, ó lé ní àádọ́jọ ọdún, ìran mẹ́fà méje ti kọjá nínú ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni 826 èèyàn fọwọ́ sí ìwé pé John Murray ti Lanrick, ọ̀gágun tí ìdílé ẹ̀ ti ń fi Murray bo MacGregor mọ́lẹ̀, ni àwọn fẹ́ kó jẹ olórí àwọn. Ní 1822 ni ìdílé ẹ̀ gba ìwé àṣẹ láti máa jẹ́ MacGregor padà. Ọdún yẹn kan náà ni Ọba George kẹrin wá sí Edinburgh, àwọn MacGregor ni wọ́n sì fi ṣe ẹ̀ṣọ́ adé Skọ́tílándì. Ìdílé tí wọ́n ní kí orúkọ wọn má tún jáde lẹ́nu! Mi ò lè ka ibẹ̀ kí nǹkan má ṣe mí.

Ta ni Rob Roy?

Rob Roy MacGregor, ọmọ Glengyle lórí Loch Katrine, wọ́n bí i ní 1671. "Roy" yẹn ni "ruadh", pupa, torí irun ẹ̀. Oníṣòwò màlúù ni, ó tún máa ń gba owó ìṣọ́, ẹ san án kí màlúù yín má sọnù. Ó yáwó lọ́wọ́ Duke ti Montrose, ẹni tó fi owó rán lọ ra màlúù gbé owó sá lọ, ni wọ́n bá lé Rob Roy kúrò nílé, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún fìyà jẹ Duke náà lójú pálí.

Torí pé òfin ti padà ní 1693, Campbell tó jẹ́ orúkọ bàbá ìyá ẹ̀ ló ń fọwọ́ sí lẹ́tà. Orí bẹ́ẹ̀dì ló kú sí, ní December 1734. Sàréè ẹ̀ wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Balquhidder, òun, ìyàwó ẹ̀ Mary, àti ọmọkùnrin wọn méjì, Coll àti Robert. Wọ́n fi irin yí i ká, òkúta ẹ̀ ti gbó, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ nígbà tó yá ṣeé kà dáadáa: MacGregor Despite Them. MacGregor ni, ohun yòówù kí wọ́n fi ojú wa rí.

Ṣé mo lè wọ tartan wọn, aṣọ onígun mẹ́rin yẹn?

Ẹ wọ̀ ọ́ jàre, kò sí òfin tó ní kí ẹ má wọ̀ ọ́. Ti Rob Roy ló rọrùn jù láti dá mọ̀, pupa àti dúdú, onígun mẹ́rin ńláńlá bíi pátákó ayò dráfù. Ti MacGregor fúnra ẹ̀, pupa ló pọ̀, àwọ̀ ewé wà nínú ẹ̀. Kí ẹ kàn mọ̀ pé èyí tí wọ́n fi ń sọ pé aṣọ yìí ni ti ìdílé yìí, láti bíi 200 ọdún sẹ́yìn ló ti gbilẹ̀, ó jọ aṣọ ẹbí ju ilà ojú lọ.

Ta ni MacGregor tó ta orílẹ̀-èdè tí kò sí?

Gregor MacGregor, ẹni 1786 sí 1845, ìran àwọn ará Glengyle náà ni. Ó jagun òmìnira Venezuela, ó di ọ̀gágun. Ó wá padà sí London ó ní òun jẹ́ olórí ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ Poyais ní Central America, ó tẹ owó bébà, ó ya máàpù, ó ta ilẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ méjì gbé nǹkan bí 250 èèyàn débẹ̀ ní 1822 sí 1823, igbó àti ibà ni wọ́n bá, kò sí ìlú, kò sí ilé, ó ju ìdajì wọn lọ tó kú. Ará Skọ́tílándì bíi tiẹ̀ ló pọ̀ nínú wọn, orúkọ tó mọ̀ sétí ni wọ́n fi gbà á gbọ́. Caracas ló ti wá kú ní tiẹ̀.

MacGregor tó ṣe gómìnà Èkó ńkọ́, ṣé ara wọn ni?

Sir William MacGregor, wọ́n bí i ní Towie ní Aberdeenshire ní 1846, bàbá ẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ oko, kì í ṣe ilé ìjòyè ló ti wá. Ó ka ìwé dókítà, ó sì ṣe gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904. Ẹ̀fọn àti ibà ló dojú kọ jù, ó ń pín kuníìnì, ó ń fa omi kúrò nínú irà, MacGregor Canal, ipa omi tó wà láàárín Èkó àti Ìkòyí nígbà náà, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi pè é.

Ìgbà tiẹ̀ náà ni Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe kìíní wá sí Èkó ní 1903, torí ẹjọ́ Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́, ọba kan ní Rẹ́mọ, àti adé. Akárìgbò ló ní Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti dé adé ìlẹ̀kẹ̀, gómìnà sì ránṣẹ́ sí Ifẹ̀ kí Ọọ̀ni wá sọ ẹni tí adé tọ́ sí. Mo máa ń rò ó pé ẹni tí wọ́n ti gba orúkọ lọ́wọ́ ìran ẹ̀ rí ló jókòó gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ gba adé lọ́wọ́ ẹ̀.

Ṣé Ewan McGregor àti Conor McGregor bá ara wọn tan?

Orúkọ ló pa wọ́n pọ̀. Ewan tó ń ṣe fíìmù, Perth ni wọ́n bí i sí, Crieff ló ti dàgbà, ẹ̀bá ilẹ̀ àwọn MacGregor gan-an nìyẹn. Conor tó jẹ́ oníjà, ọmọ Dublin ni. Ará Skọ́tílándì tó kó lọ sí Áyálándì ní 1600-àti-díẹ̀ pọ̀, wọ́n sì gbé orúkọ lọ. Ẹ tún lè fi Neil MacGregor kún un, òun ló wà nídìí British Museum nígbà tí wọ́n pàtẹ àwọn orí Ifẹ̀ níbẹ̀ ní 2010.

Mo mọ ará Jàmáíkà dúdú tó ń jẹ́ McGregor. Báwo ló ṣe jẹ́?

Ẹrú ni ìdáhùn. Ará Skọ́tílándì pọ̀ nínú àwọn tó ní oko ìrèké ní Caribbean àti àwọn alábòójútó wọn, ìdí nìyẹn tí Campbell fi kún Jàmáíkà bámúbámú. Àwọn kan gba orúkọ olówó wọn, àwọn kan jẹ́ ọmọ tí òyìnbó bí fún obìnrin ẹrú. Ìdílé tí wọ́n fi agbára gba orúkọ lọ́wọ́ wọn, orúkọ wọn tún wá bọ́ sára àwọn tí wọ́n gba orúkọ ilẹ̀ wọn lọ́wọ́ àwọn náà, àwọn baba Yorùbá wa sì wà lára àwọn tí wọ́n kó gba orí omi yẹn lọ. Ẹ má kàn bi ẹni náà pé "ṣé òyìnbó ni bàbá ẹ", kò dáa.

Black (tàbí Grant, tàbí Greer) ni mò ń jẹ́. Ṣé MacGregor ni mí?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ Black ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú MacGregor, ìdílé Grant tiẹ̀ tóbi láyè ara wọn. Ibi tí ìran yín gbé ṣáájú 1774 ló máa sọ̀rọ̀, tó bá jẹ́ Balquhidder tàbí Glen Lyon, ẹ wá a jinlẹ̀ sí i. Ẹ tún wá ìwé tí wọ́n ti kọ orúkọ méjì pọ̀, "Drummond tàbí MacGregor", ìyẹn ló dáa jù.

DNA ńkọ́, ṣé kò ní yanjú ẹ̀ ni?

Ó ń ran èèyàn lọ́wọ́. Y-DNA ni kí ẹ ṣe, torí ọwọ́ bàbá ló ti ń bọ́ sọ́wọ́ ọmọkùnrin, ọ̀nà kan náà tí orúkọ ń gbà. Obìnrin ò ní in, bàbá ẹ̀ tàbí arákùnrin ẹ̀ ló máa bá a ṣe é. Ẹni tó ń jẹ́ Stewart lè bá MacGregor dọ́gba, ẹni tó ń jẹ́ MacGregor látọjọ́ aláyé ti dáyé sì lè má bá ẹnì kankan dọ́gba. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má sunkún. Ẹ rántí ẹni tó wá sá sábẹ́ olórí tí mo sọ lókè, bàbá ńlá yín lè jẹ́ ẹni tó gba orúkọ náà nígbà tí jíjẹ́ ẹ fi ikú ṣeré.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé?

Ìkànnì ScotlandsPeople. Láti January 1, 1855 ni ìjọba ti ń kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀, ìwé ikú tiwọn sì máa ń gbé orúkọ bàbá àti orúkọ ìyá kí ìyá tó lọ́kọ, ẹ̀bùn gidi nìyẹn. Tó bá ti ṣáájú 1855, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni, ti Errol ló pẹ́ jù, 1553. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ara yín kí ẹ máa lọ sẹ́yìn, ẹ má ti orí Rob Roy bẹ̀rẹ̀ kí ẹ máa wá bí ẹ ṣe máa já sí ara yín.

Tó bá jẹ́ 1774 ni òfin kúrò, kí ló dé tí mo rí MacGregor nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì 1670-àti-díẹ̀?

Torí pé láàárín 1661 sí 1693, òfin ò sí. Ọdún 32 yẹn, orúkọ náà jáde bí ẹja tó rí omi. Tí ẹ bá wá rí i pé ìdílé kan jẹ́ MacGregor ní 1680, tí wọ́n di Graham ní 1695, kì í ṣe pé wọ́n kú tàbí wọ́n kó lọ, àwọn náà ni. Ẹ fi orúkọ àbísọ ọmọ, orúkọ abúlé àti orúkọ ìyá mú wọn.

Rob Roy gan-an bọ́ sí àárín ọdún yẹn. Ìwé ìsàmì ẹ̀ wà nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì Buchanan, March 1671, McGregor ni wọ́n kọ fún bàbá ẹ̀ síbẹ̀, gbangba.